Àmì 350 SL ẹ̀yìn ọkọ̀ bàbá yín: ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú ogún bàbá láti ọ̀nà jíjìn. Mo rí ohun tí ẹ kọ nípa Benz onílẹ̀kùn méjì tó wà ní Kàdúná. Àmì 350 SL ló wà lára búùtù, mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnnì lítà 4.5 ló wà nínú rẹ̀ dípò 3.5 tí àmì 350 ń tọ́ka sí, àbúrò yín wá ń pariwo pé wọ́n ti jí ẹ́ńjìnnì bàbá pààrọ̀. Ẹ ní kó mú sùúrù ná.

Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé Amẹ́ríkà ni bàbá ti gbé e wálé. Àwọn 350 SL tí Mercedes tà ní Amẹ́ríkà ní 1972, ẹ́ńjìnnì 4.5 ni wọ́n gbé sí wọn láti ilé iṣẹ́, wọn ò kàn yí àmì ẹ̀yìn padà ni. Ti 1973 ni wọ́n wá ń kọ 450 SL sí.

Kí àbúrò yín kọ́kọ́ wo iná iwájú. Ti Yúróòpù, gíláàsì fífẹ̀ kan ló wà lápá kọ̀ọ̀kan. Ti Amẹ́ríkà, iná roboto méjì-méjì ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó wá nọ́ńbà ṣaásì tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ni kó fi nu gíríìsì kúrò, kó wá fi ṣọ́ọ̀kì pa ojú rẹ̀ kó lè hàn. Sáńpépà kò gbọdọ̀ kàn án o! Nọ́ńbà tí wọ́n bá ti ha, kò sí olùrà gidi tó máa gbà á gbọ́ mọ́. Mẹ́fà àkọ́kọ́ la fẹ́: 107043 ni 350 tòótọ́, 107044 ni ti 4.5. Ẹ́ńjìnnì náà ní nọ́ńbà tirẹ̀: ti 3.5 ń fi 116 bẹ̀rẹ̀, ti 4.5 ń fi 117. Bó bá jẹ́ 107044 pẹ̀lú 117, bí wọ́n ṣe bí i náà nìyẹn. Bó bá jẹ́ 107043 pẹ̀lú 117, ẹ jẹ́ kí àbúrò yín máa pariwo lọ.

Èmi náà ti kó sí i rí. Ní Àpó níbí, l'Abuja, mo ti sanwó ìdúró lórí "500 SL" kan kí n tó rí gọ́ọ̀mù tó yọ létí àmì ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ka púlọ́ọ̀gì: mẹ́fà péré. 500 ń jẹ mẹ́jọ. 280 ni wọ́n lẹ àmì olówó mọ́ nídìí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀ kí owó mi tó jáde.

Bí pánẹ́ẹ̀bítà bá ní òun á bá yín lẹ 450 mọ́ ọn kó lè bá ẹ́ńjìnnì mu, ẹ ní rárá. 350 yẹn gan-an ló fi hàn pé ti 1972 ni.

Kí àbúrò yín má tẹ nọ́ńbà ránṣẹ́ o. Fídíò ni kó ṣe, láti iwájú ọkọ̀ dé orí nọ́ńbà láìdá kámẹ́rà dúró, kí wọ́n má baà ya ti ọkọ̀ ẹlòmíì fún yín.