Àkàrà gbígbóná nínú ìwé ìròyìn

ÌBÉÈRÈ: Àkàrà ni mò ń dín tà láàárọ̀ n'Íbàdàn. Ìwé ìròyìn ni mo fi ń dì í tẹ́lẹ̀, àmọ́ oníbàárà mi kan kọ̀ ọ́, ó ní májèlé ni. Mo wá ra bébà ìdánwò tí àwọn ọmọ iléèwé ti kọ. Páálí ni mo sì ń tẹ́ sísàlẹ̀ igbá kó lè fa òróró mu. Ṣé ìyẹn ti dára?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ̀rù oníbàárà yín tọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun tí í pani lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ẹ fi rọ́pò ìwé ìròyìn kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ ewu.

Ẹ fi àtàǹpàkò nu ojú ìwé ìròyìn, ẹ ó rí i pé ọwọ́ yín á dúdú. Tàdáwà rẹ̀ kì í gbẹ bí ọ̀dà ara ògiri ṣe ń gbẹ. Epo tó wá láti ara epo rọ̀bì ni wọ́n sábà fi ń pò ó. Bébà kàn fà á mu ni, inú rẹ̀ ló ṣì wà. Tí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú agbada bá balẹ̀ sórí rẹ̀, ooru á tú epo yẹn, òróró ara àkàrà á sì gbà á mọ́ra. Nígbà mìíràn, ẹ ó rí lẹ́tà tó yí sódì lára èèpo àkàrà. Tàdáwà tí ojú rí nìyẹn. Epo tí kò ní àwọ̀ ti bá a wọlé.

Páálí gan-an ló ń kọ mí lóminú jù, torí kò sẹ́ni tó ń fura sí i. Ọ̀pọ̀ páálí ni wọ́n fi bébà àlòkù ṣe, ìwé ìròyìn wà nínú rẹ̀, wọn kì í sì í lè fọ epo tàdáwà kúrò tán. Ní nǹkan bí ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ní ilé àyẹ̀wò ìjọba ní Zürich, ní Switzerland, rí epo yìí nínú oúnjẹ gbígbẹ bí ìrẹsì tí wọ́n kó sínú irú páálí bẹ́ẹ̀. Kò sí ooru, kò sí òróró. Ó kàn ń fẹ́ wọ inú oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ lórí pẹpẹ ni. Mélòó mélòó wá ni àkàrà gbígbóná!

Lọ́dún 2012, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù sọ pé apá kan epo yìí máa ń kó jọ sínú ẹ̀dọ̀, apá kejì sì lè fa jẹjẹrẹ. Àkàrà ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, bí kò ṣe ti ọmọ tó ń jẹ ẹ́ ní gbogbo àárọ̀. Ní 2016, ìjọba Íńdíà kìlọ̀ fún àwọn olóúnjẹ wọn kí wọ́n yé fi ìwé ìròyìn di oúnjẹ.

Bébà ìdánwò náà ní tàdáwà bírò, yàtọ̀ sí ìdọ̀tí ọwọ́ tó ti kọjá lára rẹ̀.

Ẹ yọ páálí yẹn lónìí. Asẹ́ onírin tàbí ajere ni kí ẹ máa ro òróró sí, kí ẹ jẹ́ kí ooru àkàrà rọlẹ̀ kí ẹ tó dì í. Ewé eéran tí ẹ fọ̀ tí ẹ sì nù ni mo fẹ́ràn jù. Tí ewé bá wọ́n, ẹ ra bébà funfun tuntun tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ, tí wọn kò tẹ nǹkan kan sí. Ẹ má fi ìwé ìròyìn bò ó níta o, torí epo yóò la bébà fẹ́lẹ́ kọjá. Ẹ má sì kó o sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì ń hó. Ẹni tó bá gbé abọ́ wá láti ilé, ẹ fún un ní ẹyọ kan ṣe ènì.