Ẹ Bi Wá Léèrè: Bí Ojú Bá Di Kọ́kọ́rọ́ Fóònù

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí fóònù tó ń fi ojú dá ẹni tó ni ín mọ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A kó àwọn tó jọra pọ̀, mẹ́fà la sì dáhùn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Àbúrò mi ṣí fọ́tò mi lórí fóònù tirẹ̀, ó gbé e síwájú fóònù mi, ni tèmi bá ṣí gbayawu. Android ni, kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí mo rà á. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

Kò bàjẹ́ o. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ọ̀pọ̀ fóònù Android, àgàgà àwọn tí owó wọn mọ níwọ̀n, kámẹ́rà iwájú tí ẹ fi ń ya sẹ́lífì nìkan ni wọ́n fi ń wo ojú yín. Kámẹ́rà yẹn kò mọ̀ pé imú yọ síta, kò mọ̀ pé ojú jìn wọnú. Àwòrán pẹlẹbẹ ló ń rí. Bí ẹnìkan bá wá gbé fọ́tò síwájú rẹ̀, kí ló kù tí yóò fi mọ ìyàtọ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 2011 ni Google gbé irú rẹ̀ jáde nínú Android 4.0, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò tàn án. Ní 2019, ẹgbẹ́ Consumentenbond tó ń gbèjà àwọn oníbàárà ní Netherlands dán fóònù 110 wò. Fọ́tò ṣí 42 nínú wọn. Ní 2023, ẹgbẹ́ Which? ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán 48 wò. 19 ló ṣí. Ẹ má sì rò pé fóònù olówó gọbọi bọ́ nínú rẹ̀: Galaxy S10 tí Samsung gbé jáde ní 2019 kì í ṣe fóònù mẹ̀kúnnù, síbẹ̀ àwọn tó dán an wò fi fídíò ojú ẹni tó ni ín ṣí i.

Àbúrò yín ti ṣe ìdánwò kan fún yín. Ẹni tí kò bá tíì ṣe é, bó ṣe yẹ kó ṣe é rèé. Ẹ ya fọ́tò ojú yín níbi tó mọ́lẹ̀, kí ẹ la ojú, kí òjìji má bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ ṣí i lórí ohun tí síkíríìnì rẹ̀ tóbi, bíi kọ̀ǹpútà alágbèéká, kí orí inú fọ́tò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó orí ènìyàn. Ẹ tan iná síkíríìnì náà dé góńgó. Ẹ wá kọjú fóònù tí ẹ ti tì pa sí i, kó jìnnà tó rúlà kan, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Kí ojú ẹ̀yin fúnra yín má sí nítòsí rẹ̀ o, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń rò pé fọ́tò ló ṣí fóònù, tó jẹ́ pé àwọn gan-an ni kámẹ́rà rí. Ẹ gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ kí iná má baà kọ padà sójú kámẹ́rà. Bó bá béèrè PIN láàárín, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tún tì í, kí ẹ máa bá a lọ.

Bó bá ṣí lẹ́ẹ̀kan péré nínú mẹ́wàá, ẹ wọ Settings, ẹ wá Face Unlock lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ Security sí, kí ẹ pa ojú yín rẹ́ níbẹ̀. Ìtẹ̀ka ni kí ẹ máa lò. Lórí Samsung, àyè kan wà tó ń béèrè pé kí ojú là kó tó ṣí. Ẹ tàn án. Yóò dín ewu kù díẹ̀, àmọ́ fọ́tò tí ojú ti là ṣì lè kọjá.

Kí ló dé tí áàpù báńkì mi gba ìtẹ̀ka tí kò gba ojú, nígbà tó jẹ́ pé ojú ni mo fi ń ṣí fóònù fúnra rẹ̀? (Òǹkàwé kan, Ìlọrin)

Ipele mẹ́ta ni Google pín ìdánimọ̀ ara sí lórí Android. Bí wọ́n bá fi fọ́tò, ìbòjú àti ayédèrú ìka tan ẹ̀rọ náà nígbà ọgọ́rùn-ún, tí wọn kò rí i tàn ju ìgbà 7 lọ, ó wà ní ipele kẹta, tó lágbára jù. Láti 7 dé 20, ipele kejì nìyẹn. Ohun tó bá ju 20 lọ, ipele kìíní. Áàpù kankan kò lè lo ti ipele kìíní rárá. Ṣíṣí fóònù nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ mọ. Ti ipele kẹta nìkan ló lè ṣí kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí báńkì fi pamọ́ sínú fóònù. Sẹ́ńsọ̀ ìtẹ̀ka sábà máa ń wà ní ipele kẹta. Kámẹ́rà sẹ́lífì kì í sábà débẹ̀.

Bí báńkì yín bá ń gba ìtẹ̀ka tí kò gba ojú lórí fóònù kan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ojú orí fóònù yẹn kò dé ipele kẹta. Àwọn kan yọrí ṣá. Pixel 8 ti Google, tó jáde ní 2023, fi kámẹ́rà kan ṣoṣo dé ipele kẹta, nígbà tí Pixel 7 tó ṣáájú rẹ̀ kò débẹ̀.

Èmi ni Kẹ́hìndé. Táíwò wa ra iPhone, ó ní ojú òun nìkan ló lè ṣí i. Mo wò ó báyìí, ó ṣí. Ṣé irọ́ ni Apple ń pa ni? (Ìbejì kan, Igbó-Ọrà)

Ìlú yín gan-an ló yẹ kí ìbéèrè yìí ti wá, nítorí gbogbo ayé ló mọ Igbó-Ọrà mọ́ ìbejì. Apple kò parọ́. Táíwò ni kò ka ìwé rẹ̀ dópin. Ohun tí Apple sọ ni pé bí ẹ bá mú ènìyàn kan ṣáá láàárín ọjà, ọ̀kan péré nínú mílíọ̀nù kan ni ojú rẹ̀ lè ṣèèṣì ṣí i. Ti ìtẹ̀ka orí àwọn iPhone àtijọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú 50,000. Àmọ́ wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìṣirò yìí kò kan ìbejì, kò kan ọmọ ìyá tó jọra, kò sì kan ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, tí ojú rẹ̀ kò tíì gbó.

Ẹ wo bí Face ID, ohun tí iPhone fi ń fi ojú dáni mọ̀, ṣe ń ṣiṣẹ́. Láti orí iPhone X ti 2017, ẹ̀rọ kékeré kan wà lókè síkíríìnì tó ń da ààmì ìmọ́lẹ̀ tó lé ní 30,000 sójú ènìyàn, ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán kì í rí. Kámẹ́rà mìíràn ń wo bí àwọn ààmì náà ṣe tẹ̀ sí orí imú, ihò ojú àti àgbọ̀n, ó sì fi ń mọ ibi tó yọ àti ibi tó jìn. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò kò fi lè tàn án, tí òkùnkùn kò sì dí i lọ́wọ́ bí wọ́n bá mú iná lọ. Ẹ̀yin ńkọ́? Imú kan náà, àgbọ̀n kan náà. Ẹ kì í ṣe fọ́tò.

Ohun kan tún wà tí ó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ nílé yín. Bí ojú kan bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ tẹni tó ni fóònù, tí Face ID kọ̀ ọ́, tí ẹni yẹn sì tẹ PIN tó tọ̀nà lójú ẹsẹ̀, fóònù yóò rò pé ẹni tó ni òun ló yí ìrísí padà, yóò sì kọ́ ojú tuntun yẹn mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Ṣé Táíwò ti sọ PIN fún yín rí? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kó wọ Settings, kó wọ Face ID & Passcode, kó tẹ Reset Face ID, kó tún ojú rẹ̀ fi sílẹ̀, kó sì pààrọ̀ PIN. Bó bá tún ṣí fún yín lẹ́yìn ìyẹn, kó pa Face ID tì. Ìtẹ̀ka ìbejì kì í bára mu, ì bá sì ràn án lọ́wọ́, àmọ́ iPhone tó ní Face ID kò ní sẹ́ńsọ̀ ìtẹ̀ka. PIN olóńkà mẹ́fà ló kù fún un. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n lóòótọ́, Kẹ́hìndé, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ fóònù rẹ̀ di tiyín.

Bí mo bá ti sùn, ìyàwó mi a gbé fóònù sí mi lójú. (Bàbá kan, Peckham, London)

Ọ̀rọ̀ tọkọtaya, a kò sí níbẹ̀. Ti fóònù ni tiwa. Bó bá jẹ́ iPhone, ẹ yẹ «Require Attention for Face ID» wò, kó wà ní títàn. Pẹ̀lú rẹ̀, ojú tó pa dé kì í ṣí i. Pixel 4 ti 2019 ń ṣí fún ẹni tó ń sùn nígbà tó kọ́kọ́ jáde, kí Google tó tún un ṣe ní 2020. Ẹ tún wo ojú ìwé Face ID yẹn dáadáa: ó yẹ kí ẹ rí «Set Up an Alternate Appearance» níbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ojú kejì ti wà nínú fóònù yín, ẹnikẹ́ni tó mọ PIN yín ló sì lè fi í síbẹ̀.

Ṣé wọ́n ń fi ojú mi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà ni? (Màmá kan, Òṣogbo)

Rárá, Mà. Lórí iPhone, iye ìṣirò tí wọ́n fà yọ láti ara ojú yín ló wà níbẹ̀, nínú yàrá kan tó ti ara rẹ̀ pa nínú ẹ̀rọ náà, kì í sì í bá ẹ̀dà ìpamọ́ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò tí ẹ yà fún NIN yàtọ̀ sí èyí. Ọwọ́ ìjọba nìyẹn wà.

Mo ra iPhone 11 tòkunbọ̀, síkíríìnì rẹ̀ fọ́, wọ́n bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni «Face ID Is Not Available» ti ń jáde. Ẹ̀yin náà, kí ni mo lè ṣe bí olè bá fi tipá gbé fóònù sí mi lójú? (Òǹkàwé kan, Agége)

Ìbéèrè méjì lẹ bi wá, kò burú. Lórí iPhone X, XS àti 11, iná kékeré tí Face ID fi ń tànmọ́lẹ̀ sójú wà lára wáyà kan náà pẹ̀lú spíkà etí, ẹ̀yìn síkíríìnì ni wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́. Oníṣẹ́ tó bá fẹ́ pààrọ̀ síkíríìnì gbọ́dọ̀ tú u pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kúrò lára ti àtijọ́, kó tó gbé e sára tuntun. Bí wáyà yẹn bá ya, Face ID ti lọ. Mímú òmíràn láti ara fóònù mìíràn kì í ṣiṣẹ́, nítorí ilé iṣẹ́ ti so ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan mọ́ bọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ẹ padà bá oníṣẹ́ yín, kí ẹ béèrè wáyà àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dà á nù. Bó bá jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ni kò wọlé dáadáa, ó ṣì lè padà. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, kó forúkọ ojú ara rẹ̀ sílẹ̀ níṣojú ẹni tó ń tà á, kó sì ṣí i níbi tó ṣókùnkùn kó tó sanwó.

Ní ti olè, ẹ má bá a jà. Bí àyè bá wà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ di bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ àti ti ohùn mú pọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì, kódà nínú àpò. Face ID ti kú nìyẹn títí ẹ ó fi tẹ PIN. Láti Android 9, Lockdown, tó ń pa ojú àti ìtẹ̀ka tì títí ẹ ó fi tẹ PIN, wà nínú ohun tó ń jáde bí ẹ bá di bọ́tìnì agbára mú; ẹ kọ́kọ́ wá a nínú Settings kí ẹ tàn án. Ohun tí wọ́n sì ń fi kó owó nílẹ̀ wa jù kì í ṣe ojú: wọ́n a yọ SIM, wọ́n a fi í sínú fóònù mìíràn, wọ́n a sì tẹ kóòdù báńkì. Ẹ wá SIM lock nínú Settings, kí ẹ fi PIN sí SIM fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè PIN àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín o. Bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, SIM yóò ti pa, PUK, kóòdù tí wọ́n fi ń ṣí SIM tó ti pa, ni yóò sì máa béèrè. Ẹ tẹ *#06#, kí ẹ kọ nọ́ńbà tó bá jáde, ìyẹn IMEI tí wọ́n fi ń dá fóònù yín mọ̀, sínú ìwé tó wà nílé.