Ẹ Bi Wá: "Mo sọ Faransé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dá mi lóhùn"

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ ni mí, Ottawa ní Kánádà là ń gbé báyìí. Yorùbá ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ìyá mi, Faransé ni mo fi kàwé, Faransé náà lèmi àti ọkọ mi ń bá ara wa sọ nílé torí Fọ̀n lòun. Gẹ̀ẹ́sì mi ò dán mọ́rán rárá. Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Òǹtáríò kan torí káàdì ìlera, mo ní "bonjour", ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní ẹni tó gbọ́ Faransé ò wá síbi iṣẹ́, kí n padà wá lọ́jọ́ míì tàbí kí n mú ẹni tó máa túmọ̀ fún mi dání. Aya ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí n gbẹ́nu dákẹ́, pé àlejò ni wá, àwọn Faransé tó bá wọn dá ìlú sílẹ̀ lòfin wà fún. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé àwọn ìbejì mi sì lè wọ ilé ìwé Faransé? — Ìyá Ìbejì, Ottawa

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Aya ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ò sọ òótọ́ o, ẹ bá mi kí wọn. Òfin iṣẹ́ ìjọba ní èdè Faransé tí wọ́n ṣe ní Òǹtáríò lọ́dún 1986, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1989, kò béèrè ibi tí wọ́n bí yín sí, ẹnikẹ́ni ló pè é. Ohun tó sọ ni pé téèyàn bá lọ sí olú-ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀, tàbí ọ́fíìsì wọn ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti dárúkọ, tó sì fẹ́ sọ Faransé, kí wọ́n fi Faransé dá a lóhùn, kí wọ́n sì fi ṣe tiẹ̀ fún un. Ottawa wà nínú àwọn agbègbè yẹn, Toronto wà níbẹ̀, Sudbury náà wà níbẹ̀. Ní 2009 ìjọba tún fẹ òǹkà àwọn elédè Faransé ní Òǹtáríò, wọ́n ní ẹni tí èdè ìyá rẹ̀ kì í ṣe Faransé tí kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ tó gbọ́ Faransé tó sì ń sọ ọ́ nílé, kí wọ́n kà á mọ́ àwọn Faransé Òǹtáríò. Ẹ̀yin gan-an nìyẹn! Àwọn tí wọ́n kà báyẹn lé ní 600,000, ọmọ Kinshasa wà níbẹ̀, ọmọ Port-au-Prince wà níbẹ̀, kí ló wá dé tí ọmọ Kétu ò ní sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "gbẹ́nu dákẹ́" yẹn ló dùn mí jù, torí ká ní àwọn tó wà níbẹ̀ ṣáájú yín gbẹ́nu dákẹ́ ni, kò ní sóhun tẹ́ ẹ máa bá. Ní 1912 ìjọba Òǹtáríò ṣe ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní Règlement 17, wọ́n ní lẹ́yìn ọdún méjì àkọ́kọ́ nílé ìwé kí ẹnikẹ́ni má fi Faransé kọ́ ọmọ mọ́. Nílé ìwé Guigues ní Ottawa níbẹ̀, ní 1916, àwọn ìyá ló dúró sẹ́nu ọ̀nà ti abẹ́rẹ́ fìlà ti abẹ́rẹ́ fìlà kí ọlọ́pàá má bàa lé àwọn tíṣà jáde, àwọn ìyá bíi tiyín o. Ìgbà tó di 1927 ìjọba jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ti Ọsibítù Montfort ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa. Ní 1997 ìgbìmọ̀ tí ìjọba Mike Harris, olórí ìjọba Òǹtáríò nígbà yẹn, gbé kalẹ̀ láti dín iye ọsibítù kù ní kí wọ́n ti Montfort pa, òun sì ni ọsibítù tí wọ́n ti ń fi Faransé ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru tí wọ́n sì ti ń fi Faransé kọ́ dókítà ní gbogbo Òǹtáríò. Gisèle Lalonde tó ti ṣe méyọ̀ Vanier rí ló kó àwọn èèyàn jọ, ní March 22 nǹkan bí 10,000 èèyàn ló kún inú pápá ìdárayá kan l'Ottawa, lẹ́yìn náà ó di kọ́ọ̀tù. Wọ́n járe ní 1999, ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n tún járe ní December 2001. Ohun tí ìjọba ń sọ ni pé kí ló ń dùn yín, àwọn ọsibítù elédè méjì máa gbà yín. Àwọn adájọ́ ò gbà. Èmi náà ò gbà, torí ibi tí wọ́n bá ti da èdè kékeré pọ̀ mọ́ èdè ńlá, bí ìgbà téèyàn da ẹmu sódò tó tún ní òun ń ta ẹmu ló rí, nọ́ọ̀sì méjì tó gbọ́ Faransé máa lọ jẹun, ó parí. Ilé iṣẹ́ tó jẹ́ ti àwọn tó ni èdè ló ń jẹ́ kí ẹ̀tọ́ tó wà nínú ìwé di nǹkan téèyàn lè fọwọ́ bà.

Nítorí náà ẹ fẹjọ́ sùn. Ní November 2018 ìjọba Òǹtáríò tí Doug Ford ń darí kéde pé àwọn máa fagi lé ọ́fíìsì kọmíṣọ́nà tó ń gbọ́ ẹjọ́ Faransé, wọ́n tún da iṣẹ́ yunifásítì Faransé tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní Toronto dúró, àwọn èèyàn tú jáde káàkiri ní December 1 pẹ̀lú àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun tó jẹ́ ti àwọn Faransé Òǹtáríò, Amanda Simard tó jẹ́ aṣòfin nínú ẹgbẹ́ Ford fúnra rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́. Yunifásítì yẹn padà ṣílẹ̀kùn ní 2021. Iṣẹ́ kọmíṣọ́nà sì ti wà lábẹ́ Ombudsman Òǹtáríò, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú lórí iṣẹ́ ìjọba, láti 2019, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí. Ọ̀fẹ́ ni, wọn kì í tú àṣírí ẹni tó fẹjọ́ sùn. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ọ́fíìsì wo, kí ni wọ́n sọ gan-an. Ó tán. Àmọ́ dókítà aládàáni ò sí lábẹ́ òfin yìí, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ náà ní òfin tiẹ̀ láti 1969 àti kọmíṣọ́nà tiẹ̀, ẹ má kó wọn pọ̀.

Ti ilé ìwé wá. Abala 23 nínú ìwé ẹ̀tọ́ Kánádà ti 1982 fún ọmọ onílùú tó bá jẹ́ pé Faransé ló kọ́kọ́ gbọ́, tàbí tó fi Faransé ka ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kánádà níbẹ̀, ẹ̀yin ò sí nínú àwọn yẹn torí Yorùbá ló ṣáájú lẹ́nu yín, Kétu lẹ sì ti kàwé. Kò pin síbẹ̀ o. Ilé ìwé Faransé ní ìgbìmọ̀ tó ń gba ọmọ tí òfin ò dárúkọ, ọ̀gá ilé ìwé, tíṣà kan àti ọ̀gá kan láti bọ́ọ̀dù tó ń darí àwọn ilé ìwé ló máa ń jókòó, ẹ ní kí wọ́n gbé tàwọn ìbejì síwájú wọn, òbí tó ń sọ Faransé nílé bíi tiyín ni wọ́n ń wá. Bọ́ọ̀dù Faransé méjì ló wà l'Ottawa, ti gbogbo gbòò àti ti Kátólíìkì. Tẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ lọ síbi "immersion", ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ ọmọ ní Faransé nìyẹn, ìyẹn kọ́ lẹ béèrè.

Ẹ̀gbọ́n, àwa Yorùbá kún Brampton bámúbámú, kí ló dé tí ìjọba ń fún Faransé tí wọn ò fún wa ní tiwa? — Alhaji T., Brampton

Alhaji, tó bá jẹ́ iye èèyàn ni, àwọn ọmọ Punjab ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó gba tiwọn ní Brampton yẹn. Àdéhùn ni, láti 1867 tí wọ́n ti so Kánádà pọ̀ ni Faransé ti wà nínú rẹ̀, àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ní Quebec náà ní irú ẹ̀tọ́ ilé ìwé yìí. Èyí tó ń ká mi lára ni pé àwọn tó ni ilẹ̀ gan-an, àwọn Cree, àwọn Inuit, ìgbà tó di 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣòfin fún èdè tiwọn. Fún Yorùbá, nǹkan kan wà tẹ́ ẹ lè ṣe: ní Òǹtáríò, táwọn òbí bá kọ̀wé sí bọ́ọ̀dù ilé ìwé lórúkọ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 23 pé àwọn fẹ́ kíláàsì èdè àwọn, bọ́ọ̀dù ní láti ṣètò ẹ̀. Ẹ gbé ìwé kalẹ̀ lẹ́yìn Jímọ̀ tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ ní kí àwọn òbí kọ orúkọ ọmọ wọn sí i.