Èsì: Ṣé mo lè gbé òjòlá Burma mi láti Texas lọ sí Florida?

Ẹ má gbé e lọ o. Ẹ tọ́ka sí ẹjọ́ ọdún 2017 kan pé ó fún yín láyè láti gbé e, ṣùgbọ́n ẹjọ́ yẹn kò dé ọ̀dọ̀ òfin Florida. Ohun tí ilé-ẹjọ́ Washington, D.C. sọ ni pé òfin Lacey, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí kíkó ẹranko kiri, kò ní ká má gbé irú ejò bẹ́ẹ̀ láàárín ìpínlẹ̀ 49 (Hawaii nìkan ni kò sí níbẹ̀).

Òfin ìpínlẹ̀ ló máa mú yín. Láti 2010 ni Florida ti ní kí ẹnikẹ́ni má sìn ín nílé mọ́; wọ́n tún mú un le sí i ní 2021. Àwọn tó ń sin ejò tà ń pariwo pé ó ń ba ọjà àwọn jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ohun tí òjòlá fi ojú ẹran Everglades, ilẹ̀ àbàtà ńlá Florida, rí ò ní bá wọn pariwo.

Àmọ́ bó bá jẹ́ Python regius, òjòlá mìíràn tó kéré, èyí tí wọ́n ń kó wá láti Tógò àti Benin, ni tiyín, kò sí nínú èyí tí wọ́n fòfin dè. Python bivittatus, ìyẹn òjòlá Burma, ni wọ́n fòfin dè.