Òwú Tó Ń Já Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Ìrànwú

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Kí ló dé tí òwú mi fi ń já ṣáá bí mo bá ń ran án?

Ìdáhùn: Ẹ wo ojú ibi tó já dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni àwọn fọ́nrán rẹ̀ rọra yọ́ kúrò lára ara wọn, a jẹ́ pé ẹ kò tíì lọ́ ọ tó, nítorí pé fọ́nrán òwú kúrú, ó sì nílò lílọ́ ju irun àgùntàn lọ. Ẹ dẹ òwú náà díẹ̀. Bí ó bá wé mọ́ ara rẹ̀, ó ti tó. Kẹ̀kẹ́ ìrànwú, ìyẹn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń yí láti fi ran òwú, tún lè já a bí ó bá wúwo, nítorí náà ẹ gbé ìdí rẹ̀ lé inú àwo kékeré kí ìwúwo rẹ̀ má bàa fa òwú náà.