Ta ló sọ iye tó wà lọ́wọ́ mi fún oníbàárà mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ òfì ni mò ń hun tà ní Ìsẹ́yìn, àwọn tó ń ṣe ìyàwó ní London àti Houston ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń fi USDT, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹyọ kan rẹ̀ dúró fún dọ́là kan, sanwó fún mi, wọ́n ní ó yá ju ti báńkì lọ. Ọmọ àbúrò mi ló bá mi ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì, àpò tí owó náà ń wọ̀, sórí fóònù. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni mo ní, òun ni mo fi ń ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìyáàfin kan ní Houston fẹ́ gba àlàárì fún ogójì èèyàn. À ń nájà lọ́wọ́, mo ní iye tó pè ò gbà, òwú ti wọ́n, kò sówó lọ́wọ́ mi. Ló bá kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp pé: “Mọ́mì, ṣé 3,150 dọ́là tó wọlé fún yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ò tó ra òwú ni?” Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni owó náà rí! Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Ọmọ àbúrò mi ní wọ́n ti wọ inú fóònù mi, kí n lọ ra òmíràn. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá Aláṣọ-Òfì, Ìsẹ́yìn

ÌDÁHÙN: Ìyá Aláṣọ, ẹ pè mí ní ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹ lè bí mi lọ́mọ. Mo gba ọ̀wọ̀ náà. Ẹ má ra fóònù kankan. Kò sẹ́ni tó wọ inú fóònù yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kó gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fi àdírẹ́sì yín ránṣẹ́ sí i.

Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà àkáǹtì yín ní báńkì, ohun tó lè fi ṣe ò ju pé kó sanwó síbẹ̀ lọ. Ẹ rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni àdírẹ́sì wọ́lẹ́ẹ̀tì rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní àdírẹ́sì yín lọ́wọ́ ti ní sítétímẹ́ǹtì yín lọ́wọ́, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dòní, àti èyí tó ń bọ̀ lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó. Ẹ gba fóònù ọmọ àbúrò yín, ẹ má lo tiyín. Ẹ ṣí Tronscan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí gbogbo ayé ti ń rí owó tó ń rìn lórí Tron, ọ̀nà tí USDT yín ń gbà, kẹ́ ẹ lẹ àdírẹ́sì yín, èyí tí T ṣáájú rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 34, mọ́ inú àpótí tó wà lókè. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Kò ní bi yín ní páásíwọ́ọ̀dù, kò ní bi yín pé ta ni yín. Iye tó wà nínú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà, ìlà lórí ìlà: ọjọ́, wákàtí títí dé ìṣẹ́jú-àáyá, ibi tí owó ti wá, ibi tó lọ, iye tó jẹ́. Ẹ máa bá 3,150 yẹn níbẹ̀ bó ṣe jókòó. Ohun tí obìnrin Houston rí nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì ló ti wò ó.

Kò sí pípa á rẹ́ o. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2010, ọkùnrin kan ní Florida, Laszlo Hanyecz, fi 10,000 bítíkọ́ìnì ra písà méjì. Wọ́n ti jẹ písà náà tán láti ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ìlà tí owó rẹ̀ wà ṣì wà nínú ìwé ìṣirò bítíkọ́ìnì fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Lóòótọ́, orúkọ kì í sí lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ láti orí WhatsApp tí fọ́tò yín pẹ̀lú gèlè wà lójú rẹ̀. Kí ló kù?

N ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 2022, mo gbé àdírẹ́sì tèmi sí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp, kí àwọn ọ̀rẹ́ wa tó wà lókè òkun lè dáwó fún ẹnì kan tó ń sìnkú ìyá rẹ̀. Oṣù kan lẹ́yìn náà, àbúrò ìyàwó mi dé ìsọ̀ mi ní Queen Cinema, n'Íbàdàn, ó fẹ́ yá owó. Mo ní kò sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Iye mi ló wà lójú fóònù. Mo yá a. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì tuntun, mo rò pé mo ti gbọ́n. Àmọ́ TRX, owó tí Tron fúnra rẹ̀ ní, ni wọ́n fi ń san owó ọ̀nà lórí Tron. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́lẹ́ẹ̀tì tí kò bá ní in nínú ò lè rán USDT jáde. Mo mú 30 TRX látinú ti àtijọ́, mo fi sínú tuntun. Ìlà kan ṣoṣo yẹn ti tó. Ọmọkùnrin náà tẹ̀ lé e wọ inú tuntun bí ìgbà téèyàn ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ajá lórí sìmẹ́ńtì tútù. Ó tún padà wá yá owó.

Nítorí náà, ẹ ní wọ́lẹ́ẹ̀tì ti ìsọ̀, kẹ́ ẹ ní ti ilé. Ti ìsọ̀ ni kẹ́ ẹ máa fún oníbàárà. Ti ilé, kí ẹnikẹ́ni má rí i, àti ọmọ àbúrò yín náà. Ẹ má rán ohunkóhun tààrà látinú èyí sínú ìyẹn, ì báà ṣe TRX ẹyọ kan. Bí ọ̀sẹ̀ bá parí, ẹ kó èyí tó bá wà nínú ti ìsọ̀ lọ sí exchange, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ti ń ta á sí náírà. Ibẹ̀ ni owó yín ti máa wọ ìkòkò ńlá kan, òun àti ti àìmọye èèyàn. Ẹ ta èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra òwú, kẹ́ ẹ wá yọ ìyókù, pẹ̀lú TRX díẹ̀, sínú ti ilé. Ẹni tó bá ń ṣọ́ yín máa rí i pé owó wọ exchange, àmọ́ ìkòkò náà ló máa rí nídìí èyí tó jáde. Ẹ má kàn yọ iye kan náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí 3,150 bá wọlé ní aago méjì, tí 3,150 jáde ní aago méjì àbọ̀, ọmọdé lè so wọ́n pọ̀.

Exchange fúnra rẹ̀ mọ̀ yín: ó ní NIN yín, BVN yín àti fọ́tò ojú yín. Ojú aládùúgbò là ń bò, kì í ṣe ojú ìjọba. Ẹ má sì jẹ́ kí owó pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó fi tiwọn sílẹ̀ ní FTX, exchange ńlá kan tó wó lulẹ̀, títí di oṣù Kọkànlá 2022 mọ ohun tójú wọn rí.

Oníbàárà ńlá bíi ti àlàárì ogójì yìí, ẹ lè ṣí àdírẹ́sì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ wọ́lẹ́ẹ̀tì ló fàyè gbà á lórí ọ̀rọ̀ méjìlá kan náà tó ń ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì yín, èyí tẹ́ ẹ kọ sínú ìwé. (Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, àbí?) Nínú ìwé tí Satoshi Nakamoto fi gbé bítíkọ́ìnì jáde ní 2008, ó ti sọ pé kéèyàn máa lo kọ́kọ́rọ́ tuntun fún káràkátà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wá kó owó inú àdírẹ́sì mẹ́ta sínú ẹyọ kan, ẹ ti fi òwú kan rán wọn pọ̀ padà.

Tẹ́ ẹ bá sì rí i tí ẹnì kan tẹ́ ò mọ̀ fi owó tí kò tó nǹkan ránṣẹ́ sí yín, kì í ṣe àánú. Ó ti ṣe àdírẹ́sì tí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀ jọ ti ẹni tẹ́ ẹ máa ń rán owó sí, kẹ́ ẹ lè ṣèèṣì mú un nínú àwọn ìlà yín. Ní oṣù Karùn-ún 2024, báyìí ni ẹnì kan ṣe rán nǹkan bíi mílíọ̀nù 68 dọ́là sọ́wọ́ olè. Olè náà dá a padà nígbẹ̀yìn, àmọ́ ṣé irú olè bẹ́ẹ̀ la ó máa retí? Ẹ máa ka àárín rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ti àlàárì: bí 3,150 yẹn bá jẹ́ owó aṣọ ẹlòmíràn, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹ má dín kọ́bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní mixer wà tó ń da owó pọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi ní rí ipasẹ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn kan ní Monero, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn, ló dáa jù. Èwo ni kí n lò?
Ọmọ Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Monero ti wà láti 2014, ó ń bo ẹni tó rán owó, ẹni tó gbà á àti iye rẹ̀. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n exchange Binance ti yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ ní oṣù Kejì 2024, nítorí náà kọ́kọ́ wá ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ rẹ. Ní ti mixer, Amẹ́ríkà fòfin de Tornado Cash, ọ̀kan nínú wọn, ní oṣù Kẹjọ 2022, ìgbà tó di oṣù Kẹta 2025 ni wọ́n tó mú un kúrò. Owó tó bá ti ibẹ̀ jáde máa ń rùn sí àwọn exchange, wọ́n lè dá a dúró. Ilé-iṣẹ́ tó ni USDT náà lè ti àdírẹ́sì pa, wọ́n sì ti ń ṣe é.

O ò sọ ẹni tó ò ń fi í pa mọ́ fún. Bó bá jẹ́ àbúrò ìyàwó, ka èyí tí mo kọ sí Ìyá Aláṣọ. Bó bá jẹ́ EFCC, lọ́yà ni kó o kọ̀wé sí.