Àyànmọ́ ni àìrọ́mọbí, àbí àìsàn?

Ta ló ń kọ́ àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní irú ọ̀rọ̀ báyìí? O ní o gbọ́ ọ lórí rédíò pé Yorùbá kì í ka àìrọ́mọbí sí àìsàn, pé kádàrá ni, àti pé ìyá ọkọ rẹ ní Sùúrùlérè ti gbá a mú, ó ní kí o pa ọ̀rọ̀ dókítà tì.

Àwọn àgbà ló ní àyànmọ́ ò gbóògùn. Ó dáa. Bí àìbímọ bá jẹ́ àyànmọ́, kí ni wọ́n ń se àsèje fún? Kí ni ìṣasùn tuntun ń wá lórí iná? Ohun tí wọ́n wá oògùn fún kò lè jẹ́ àyànmọ́ lójú wọn.

Àǹtí ìyá mi kan ṣe lẹ́kúlẹ́ja ní Jáńkárà. Bí obìnrin bá débẹ̀ tó ní òun ń wá ọmọ, Àǹtí kò ní nawọ́ sí egbò kankan. "Ìyàwó, nǹkan oṣù ńkọ́? Ṣé ó ń dé lásìkò? Ṣé inú máa ń run ẹ́?" Ìgbà yẹn ni ìbéèrè tí àwọn ọkọ ò fẹ́ gbọ́ á wá jáde: "Ọkọ ẹ ńkọ́? Ó ti ṣe atọ̀sí rí?" Bí ọkọ kò bá yọjú, kò ní tà fún ìyàwó nìkan. Ẹni tó ń bèèrè báyìí, àìsàn ló ń wá. Lóòótọ́, wọ́n máa ń fura sí ọwọ́ ayé náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fura sí ayé ṣì ń wá ìwòsàn.

Ti àdúrà "ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mẹní" tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò náà fi ṣe ẹ̀rí, kí ìyàwó tètè gbọ́mọ pọ̀n ni wọ́n ń tọrọ. Ìdájọ́ wo ló wà níbẹ̀?

Àjọ Ìlera Àgbáyé náà pè é ní àìsàn, ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin, bí tọkọtaya bá ń bára wọn sùn déédéé fún oṣù 12 láìlo ìfètòsọ́mọbíbí, tí oyún kò sì dé. (Ìyá ọkọ Èkó wo ló ní sùúrù oṣù 12?) Ní ọdún 2023, wọ́n ní nínú ènìyàn mẹ́fà, ó máa ń bá nǹkan bí ẹnì kan. Atọ̀sí tí a ò tọ́jú lè dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé-ọmọ, ó sì lè ba ọ̀nà àtọ̀ ọkùnrin jẹ́. Ní LUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àrábà, láàárín àwọn ọdún 1980 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ashiru ti bẹ̀rẹ̀ ti ọmọ inú ìgò (IVF).

Inú fíìmù ni àwọn ọmọ ìsìnyí ti ń kọ́ àṣà, níbi tí wọ́n ti ń pariwo "àgàn" mọ́ obìnrin lórí, tí ẹnikẹ́ni kì í bi ọkọ léèrè nǹkan kan.

Padà sọ́dọ̀ dókítà, kí o sì mú ọkọ ẹ dání. Àyẹ̀wò àtọ̀ kò le bíi ti obìnrin. Òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe.